Ìwé Àṣẹ Tí Ó-Ti-Parí Kò Kà

Bí ẹ bá bi í pé iṣẹ́ ńkọ́, "Ó ti parí" ló máa sọ. Iṣẹ́ tí kò tíì bẹ̀rẹ̀, ó ti parí. Iṣẹ́ tó ti dojú rú, ó ti parí. Èyí tó parí lóòótọ́ nìkan ni kì í sọ̀rọ̀ lé lórí, torí pé nígbà yẹn ó ti sùn lọ lórí àga. Bí orúkọ ṣe mọ́ ọn lára nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin ló kọ́kọ́ pè é ní Ó-Ti-Parí, àwọn oníbàárà gbọ́ ọ, nígbà tó yá ìyá tó bí wọn gan-an bẹ̀rẹ̀ sí í fi pè é lórí fóònù.

Àwọn méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀, ká kúkú sọ pé Ẹ̀gbọ́n ló ni ilé iṣẹ́, àbúrò sì ni gbogbo òṣìṣẹ́ inú ẹ̀. Yàrá méjì ni, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì: tábìlì mẹ́ta, fèrèsé kan tó kọjú sí ògiri ilé kejì, àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ gbá létí kó tó dáhùn. Ẹ̀gbọ́n ló ń wá iṣẹ́, òun ló ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀, òun náà ló ń bẹ̀ wọ́n. Ó-Ti-Parí ló ń kọ kóòdù. Sọ́fúwíà kan ṣoṣo ni wọ́n ń tà, Ó Kàn Ẹ́ lorúkọ ẹ̀. Àwọn dókítà eyín ló ń rà á. Iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kó to aláìsàn kọ̀ọ̀kan sí wákàtí tó yẹ ẹ́, kí ẹni tí wọ́n fẹ́ yọ eyín fún má baà pàdé ẹni tí wọ́n fẹ́ fọ eyín fún lórí àga kan náà, kó sì gbé orúkọ ẹni tó kàn sójú gíláàsì bíi ti tẹlifíṣọ̀n tó wà lára ògiri. Dókítà eyín mẹ́rìndínlógún ló ti rà á, kò sì sẹ́ni tó sọ pé kò dáa.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ilé ìwòsàn ńlá kan tó ní ẹ̀ka mọ́kànlá pè wọ́n. Wọ́n ti rí Ó Kàn Ẹ́ lọ́dọ̀ dókítà eyín kan, wọ́n sì fẹ́ kí wọ́n wá gbé ẹ̀dà ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà tiwọn ní gbogbo ẹ̀ka. Ẹ̀gbọ́n gbé fóònù sílẹ̀, ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó.

"Àbúrò mi," ó ní, "orí bá wa ṣe é."

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó buwọ́ lùwé, lọ́yà ilé ìwòsàn náà fi fọ́ọ̀mù kan ránṣẹ́. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni Lọ́yà, tó jẹ́ pé bó bá béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ yín, á dákẹ́ títí tẹ́ ẹ máa fi jẹ́wọ́ méjì mìíì tí kò béèrè. Ohun tó fẹ́ mọ̀ nínú fọ́ọ̀mù náà kò pọ̀: ẹ kọ gbogbo ohun tó wà nínú sọ́fúwíà yín tí kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ ọ́, kẹ́ ẹ sì kọ àdéhùn tí ẹni tó kọ ọ́ ṣe lórí ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n na ìwé náà sí àbúrò ẹ̀. Ìyẹn wò ó fìrí.

"Kò sí," ó ní.

"Kò sí kí ni?"

"Kò sí èyí tí kì í ṣe èmi ni mo kọ ọ́. Ọwọ́ mi yìí náà ni mo fi kọ gbogbo ẹ̀. Ẹ kọ ‘kò sí' síbẹ̀. Ó ti parí."

Ẹ̀gbọ́n kọ "kò sí." Ó buwọ́ lù ú. Ó fi òòtẹ̀ ilé iṣẹ́ tẹ̀ ẹ́, òòtẹ̀ tuntun tí wọn ò tíì lò rí látọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é.

Lọ́sẹ̀ kejì, Lọ́yà fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá. Ó gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó mí sínú, ó mí sóde, ó gbé ìdì ìwé kan tó nípọn bíi búrẹ́dì ka iwájú Ẹ̀gbọ́n. Ilé ìwòsàn náà ní ẹ̀rọ kan tó máa ń wo inú sọ́fúwíà, tó sì máa ń sọ ibi tí ìlà kọ̀ọ̀kan ti wá, bí àgbàlagbà tó wo ojú ọmọ lẹ́ẹ̀kan tó sì dárúkọ baba ẹ̀.

"Ẹ kọ ọ́ pé kò sí," Lọ́yà ní.

"Kò sí, mà," Ẹ̀gbọ́n dáhùn.

"Irínwó ó lé méjìlá ni mo rí."

Lọ́yà dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n yíjú sí àbúrò ẹ̀. Àbúrò ẹ̀ yíjú sí fèrèsé, ògiri ló bá níbẹ̀, kò rí ibi tójú ẹ̀ máa sá gbà.

"Irínwó ó lé méjìlá kí ni?" Ẹ̀gbọ́n béèrè.

"Kóòdù àwọn ẹlòmíì. Ńlá wà níbẹ̀, kékeré wà níbẹ̀. Èèyàn irínwó ó lé méjìlá ló ń bá yín gbé inú ilé."

"Ilé tí mo rò pé àwa méjì péré là ń gbé!" Ẹ̀gbọ́n figbe ta.

"Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn," Ó-Ti-Parí já lu ọ̀rọ̀. "Orí íńtánẹ́ẹ̀tì làwọn tó kọ wọ́n kó wọn sí, gbogbo ayé ló ń mú níbẹ̀. Ta ló tún ń kọ sọ́fúwíà látìbẹ̀rẹ̀ lóde òní? Ṣé ẹni tó fẹ́ kọ́lé ló máa lọ fúnra ẹ̀ wa iyanrìn lódò ni?"

"Òótọ́ lẹ sọ, kò sóhun tó burú níbẹ̀," Lọ́yà dá a lóhùn. "Àmọ́ pé nǹkan jẹ́ ọ̀fẹ́ ò ní kó má lófin. Ẹni tó kọ ọ́ ló ṣì ni ín. Ó kàn ní kẹ́ ẹ máa lò ó ni, bẹ́ ẹ bá ti ṣe ohun tó ní kẹ́ ẹ ṣe. Ìwé àṣẹ wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ṣé ẹ kà wọ́n?"

"Mo wò wọ́n, mà."

"Wọn ò bi ẹ́ pé ṣé o wò wọ́n," Ẹ̀gbọ́n ní. "Ṣé o kà wọ́n?"

"Wọ́n gùn."

"Báwo lo wá ṣe gbé wọn wọlé?"

"Wọ́n bi mí pé ṣé mo gbà. Mo tẹ ‘Mo gbà.'"

"Kí lo gbà?"

Ó-Ti-Parí ronú sí i. "Mo rò pé nǹkan tó dáa ni," ó ní.

Ọjọ́ mẹ́rin làwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ka ìwé. Lọ́yà ń kà, Ẹ̀gbọ́n ń kọ, Ó-Ti-Parí ń se tíì, torí pé kò tún sí iṣẹ́ mìíì tí wọ́n lè fọkàn tán an fún. Ìtura bá Ẹ̀gbọ́n díẹ̀ nígbà tó rí i pé èyí tó pọ̀ jù lára wọn ò ṣòro. Ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: ẹ jẹ́ kí orúkọ mi wà lára ẹ̀, bó bá sì bà yín nínú jẹ́, ẹ má pè mí lẹ́jọ́. Orúkọ nìkan ni wọ́n fẹ́. Ó ń kọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣépè fún àbúrò ẹ̀ lábẹ́ ahọ́n.

Ìgbà tí wọ́n dé ìkẹtàdínlógójì lé nígba, Lọ́yà dúró. Kóòdù kékeré kan ni, kò ju pé ó ń sọ ọjọ́ oṣù di ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Ẹni tó kọ ọ́ ní: "Ẹnikẹ́ni tó bá ń fi iṣẹ́ mi jẹun, kó pe ìyá mi, kó kí i. Nọ́ńbà ẹ̀ rèé."

"Àwàdà nìyẹn," Ó-Ti-Parí sọ látìdí kẹ́tù.

"Inú ìwé ló wà," Lọ́yà ní. "Ohun tó bá ti wọnú ìwé, mi ò mọ̀ ọ́n sí àwàdà."

Ẹ̀gbọ́n gbé fóònù, ó tún ohùn ṣe. "Ẹ kú ọ̀sán o, Mà. Kóòdù ọmọ yín la fi ń ṣiṣẹ́, ó ní ká kí yín."

"Ìwọ lẹni kọkànlá lóṣù yìí," ìyá náà dáhùn. "Àwọn tí mi ò mọ̀ rí ń kí mi láti ìpẹ̀kun ayé. Òun tí mo bí, kò pè. Bó o bá rí i, sọ fún un pé mo ṣì wà láyé."

Ẹ̀gbọ́n ṣèlérí pé òun á sọ fún un. Lọ́yà fàmì sí i pé wọ́n ti mú àdéhùn ṣẹ.

Ọ̀rọ̀ wá kan èyí tó nípọn jù lọ. Kóòdù yìí gan-an ni ọkàn Ó Kàn Ẹ́. Òun ló ń to aláìsàn sí wákàtí. Gbogbo ohun yòókù, aṣọ ni wọ́n kàn wọ̀ fún un. Lọ́yà ka ìwé àṣẹ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ awò ojú ẹ̀ sórí tábìlì.

"Ẹ gbọ́ ohun tó sọ," ó ní. "Ó ní kẹ́ ẹ lò ó bó ṣe wù yín. Kẹ́ ẹ tún un ṣe. Kẹ́ ẹ tiẹ̀ tà á. Àmọ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti so kóòdù tiyín mọ́ ọn, tẹ́ ẹ sì fà á lé ẹlòmíì lọ́wọ́, ẹ gbọ́dọ̀ fún onítọ̀hún ní kóòdù tiyín náà ní ṣíṣí sílẹ̀, kóun náà lè kà á, kó tún un ṣe, kó sì pín in fẹ́ni tó bá wù ú, lórí àdéhùn kan náà."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Títí kan èyí tí àbúrò mi fi ọdún mẹ́rin kọ?"

"Títí kan ìyẹn. Ẹ̀yin sì rèé, ẹ kọ ọ́ síwèé, ẹ buwọ́ lù ú, ẹ fòòtẹ̀ tẹ̀ ẹ́, pé kò sí nǹkan ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Bí mo bá gbà á bẹ́ẹ̀, tí ẹni tó ni kóòdù bá dé lọ́la, ilé ìwòsàn mi ló máa kọ́kọ́ dì mú."

"Àwọn dókítà mẹ́rìndínlógún tó ti wà lọ́wọ́ wọn ńkọ́?"

Lọ́yà dákẹ́. Nígbà tí ìdákẹ́jẹ́ náà pọ̀ jù, Ẹ̀gbọ́n dá ara ẹ̀ lóhùn. "A ti jẹ̀bi," ó ní. Ó wo àbúrò ẹ̀. Ìyẹn rọra gbé tíì síwájú ẹ̀, ó fi ṣúgà mẹ́ta sí i.

Ìmọ̀ràn tí Lọ́yà fún wọn ni pé kí wọ́n wá ẹni tó kọ kóòdù náà lọ. Ẹni tó ni nǹkan lè bá wọn ṣe àdéhùn ọ̀tọ̀, bó bá wù ú.

Ìrìn wákàtí méjì nínú ọkọ̀ ojú irin ni. Obìnrin àgbàlagbà kan ni wọ́n bá, tó ti fi ọgbọ̀n ọdún to àkókò ọkọ̀ fún rélùwéè kó tó fẹ̀yìn tì. Aago mẹ́ta ló wà lára ògiri pálọ̀ ẹ̀, wọ́n sì ń ró lẹ́ẹ̀kan náà. Màmá Rélùwéè lorúkọ tí Ó-Ti-Parí sọ ọ́ nínú ara ẹ̀ kó tó jókòó.

"Aago mẹ́ta lẹ ní ẹ máa dé," Màmá ní. "Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin rèé."

"Ọkọ̀ ojú irin ló pẹ́, Mà," Ẹ̀gbọ́n sọ.

Ojú Màmá yí padà. "Èwo? Èyí tó ń kúrò láago kan?" Ó fa ìwé kékeré kan yọ, ó kọ nǹkan sí i, ó tì í bọ àpò. "Wọ́n á gbọ́ tèmi," ó ní. "Ẹ jókòó, ẹ̀bi yín kọ́."

Ẹ̀gbọ́n ṣàlàyé látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò fi nǹkan kan pa mọ́. Màmá fetí sílẹ̀, kò já lu ọ̀rọ̀. Nígbà tó parí, ó mi orí.

"Mi ò bínú sí yín. Ẹ tiẹ̀ wá, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wá. Àmọ́ mi ò ní ṣe àdéhùn ọ̀tọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀ fún yín. Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ, mi ò fi òfin kankan sí i lára. Ilé iṣẹ́ kan mú un, wọ́n fi àwọ̀ búlúù kùn ún, wọ́n tì í pa, wọ́n sì tà á fún rélùwéè. Ọjọ́ tó bàjẹ́, mo mọ ìlà tó ti bàjẹ́, torí èmi ni mo kọ ọ́. Mo ní kí wọ́n ṣí i kí n tún un ṣe. Wọ́n ní àṣírí ilé iṣẹ́ àwọn ni! Ohun tí mo fọwọ́ ara mi kọ di àṣírí tí wọ́n ń pa mọ́ fún mi. Oṣù mẹ́ta gbáko ni ọkọ̀ méjì fi ń wọ ibùdókọ̀ kan náà ní ìṣẹ́jú kan náà, tí àwọn awakọ̀ ń juwọ́ síra wọn."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà," Ó-Ti-Parí ní, ó sì dùn ún dénú.

"Torí náà, ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ yọ tèmi kúrò, kẹ́ ẹ kọ tiyín. Tàbí kẹ́ ẹ ṣí tiyín sílẹ̀. Ìwọ ọmọ yìí, ṣé mo lè rí kóòdù tó o kọ yẹn? Ó wù mí kí n rí ohun tó o fi tèmi ṣe."

Tíì tí Màmá gbé fún un sá gba ọ̀nà tí kò yẹ lọ́fun Ó-Ti-Parí. Ó wúkọ́ títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. "Kò... kò tíì sí ní ipò tí àgbàlagbà lè rí i, Mà."

"Ṣebí o ní ó ti parí?" Ẹ̀gbọ́n béèrè.

"Ó ti parí," ó ní. "Kò tíì wọṣọ ni."

Nínú ọkọ̀ bí wọ́n ṣe ń padà, ó di ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n mú. "Ẹ fún mi lọ́sẹ̀ mẹ́ta. Màá kọ tiwa."

"Ohun tí obìnrin yẹn fi ọgbọ̀n ọdún kọ́?"

"Ọkọ̀ ojú irin ni Màmá ń tò. Èèyàn lèmi fẹ́ tò. Èèyàn ò nílò ojú irin, ó ń fẹsẹ̀ rìn."

Ẹ̀gbọ́n fún un. Ká sòótọ́, Ó-Ti-Parí ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn bí ẹni tí iná ń jó nídìí. Kò sùn lórí àga. Kò sọ pé ó ti parí títí ó fi di ọjọ́ tó kẹ́yìn. Wọ́n gbé èyí tuntun fún dókítà eyín kan tó fẹ́ràn wọn púpọ̀, ọkùnrin sísanra kan tó máa ń kọrin fún aláìsàn bó bá ń lu eyín wọn. Ó ní òun gbà, kí wọ́n fi tòun dánra wò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, dókítà pè wọ́n. Kò kọrin.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, èèyàn méjìdínlógójì ló wà nínú yàrá tó ní àga mẹ́sàn-án, wọ́n sì ní kí gbogbo wọn wá láago mẹ́jọ. Fóònù gbogbo wọn ló ń ké lẹ́ẹ̀kan náà pé ó kàn ẹ́, ó kàn ẹ́. Wọ́n jókòó sórí apá àga, wọ́n jókòó sórí fèrèsé, méjì jókòó sórí tábìlì nọ́ọ̀sì. Ọkùnrin kan tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ti wú bí ẹní fi bọ́ọ̀lù sẹ́nu ń na fóònù sí nọ́ọ̀sì.

"Ọgbọ̀n ọjọ́, oṣù kejì," nọ́ọ̀sì kà á. "Sà, ọjọ́ yẹn ò sí."

"Ẹ̀yin lẹ fún mi!" ọkùnrin náà pariwo pẹ̀lú ìwọ̀nba ẹnu tó kù fún un. "Eyín mi ò lè máa retí ọjọ́ tí ò sí!"

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, obìnrin kan tó wá fọ eyín lásán rí i lójú gíláàsì ara ògiri pé wọ́n fẹ́ yọ eyín mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n fún òun. "Méjìlélọ́gbọ̀n ni mo ní!" ó ń ké. "Ibo lẹ ti fẹ́ rí méjì tó kù?"

Dókítà jáde tòun ti ìbọ̀wọ́. "Ẹ jọ̀ọ́," ó sọ fún Ẹ̀gbọ́n, "ẹ dá ti tẹ́lẹ̀ padà fún mi."

"Dókítà, ẹjọ́ wà lọ́rùn ti tẹ́lẹ̀ yẹn."

"Ẹjọ́ dáa. Èèyàn méjìdínlógójì ló wà lọ́rùn èyí, ọ̀kan lára wọn sì ti gba àga mi."

Ẹ̀gbọ́n ò bínú. Èyí ló dẹ́rù ba Ó-Ti-Parí jù. Bí wọ́n ṣe dé ilé iṣẹ́, ó kàn fa àga ẹ̀ sẹ́yìn, ó ní, "A máa ṣí i sílẹ̀."

Ibi tí àbúrò ti di sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹni tí kì í sọ ju ọ̀rọ̀ méjì lọ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń du ipò. Ó ní àṣírí ilé iṣẹ́ dà bí egungun ẹ̀yìn, èèyàn kì í yọ ọ́ han àlejò. Ó ní àwọn tó ń ta irú ọjà yìí ládùúgbò kejì máa kó o, wọ́n á fi lé àwọn méjèèjì jáde lọ́jà. Lọ́jọ́ kejì, ó ní kì í ṣe tara òun lòun ń rò, iyì ìdílé lòun ń rò. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní bí Ẹ̀gbọ́n bá ti pinnu, ó dáa, kó ṣáà fún òun ní oṣù méjì kóun fi gbálẹ̀ ibẹ̀.

"Kí lo fẹ́ gbá kúrò níbẹ̀?"

"Eruku," ó ní. Kò wo ojú ẹ̀.

Lọ́jọ́ tí Lọ́yà wá gbọ́ ibi tí wọ́n fọ̀rọ̀ sí, Ẹ̀gbọ́n nawọ́ sí kọ̀ǹpútà. "Ṣí i."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ní kó o ṣí i."

Ó ṣí i. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín nípa àwọn tó ń kọ kóòdù. Wọ́n lè kọ ọ̀rọ̀ ẹnu sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà tí wọ́n kọ, láti fi rán ara wọn létí ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà kì í kà á, ó máa ń fò ó ni. Èèyàn nìkan ló lè rí i. Ó-Ti-Parí sì ti dá jókòó ọdún mẹ́rin nínú yàrá tí fèrèsé ẹ̀ kọjú sí ògiri. Ibẹ̀ ló ti ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀.

Lọ́yà fa awò ojú wọ̀. Ohùn tó fi ń kàwé nílé ẹjọ́ náà ló fi kà á.

"‘Ẹ má fọwọ́ kan ibí yìí. Mi ò mọ ohun tó mú un ṣiṣẹ́. Bó bá kú, kì í ṣe èmi ni mo pa á.'"

Ó yí i sísàlẹ̀.

"‘Dókítà yìí ní kí n sọ àwọ̀ ewé di àwọ̀ ewé tó ń rẹ́rìn-ín. Orí ẹ̀ ló yẹ kí wọ́n yọ, kì í ṣe eyín.'"

"Olúwa ò," Ẹ̀gbọ́n ní.

"‘Ẹ̀gbọ́n mi ti lọ ṣèlérí èyí fún oníbàárà, kò bi mí. Ẹnu ẹ̀ yá ju kọ̀ǹpútà lọ.'" Lọ́yà wo Ẹ̀gbọ́n lókè awò. "Ṣé kí n máa kà á lọ?"

"Ẹ máa kà á, Mà. Ẹ má fo nǹkan kan."

Ó-Ti-Parí ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

"‘Mo mú èyí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ìwé àṣẹ ẹ̀ gùn. Màá kà á lọ́la.'" Lọ́yà dúró. "Ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́ wà níbẹ̀. Ọdún mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọ̀la yìí pẹ́ kó tó mọ́ o."

Ó tún yí i. "‘Ẹ̀gbọ́n ní bó bá di ìparí ọdún, ibí yìí máa dàrú. Mo ní kó jẹ́ kí n gbọ́ràn. Ó di ìparí ọdún, ó dàrú. Mo ti tún un ṣe. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún un láé.'"

Ẹ̀gbọ́n yí àga ẹ̀ kọjú sí àbúrò ẹ̀.

"O sọ fún mi pé iná ló lọ," Ẹ̀gbọ́n ní.

"Iná lọ lóòótọ́," Ó-Ti-Parí sọ láàárín ìka ẹ̀. "Díẹ̀."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ikùn Ẹ̀gbọ́n, ó gun òkè, kó tó dé ọ̀fun ó ti di igbe. Ó fi orí lé tábìlì, èjìká ẹ̀ ń mì. Lọ́yà gbìyànjú láti dákẹ́ bó ṣe máa ń ṣe. Kò rí i ṣe. Ó bọ́ awò, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ń sọ pé "ọ̀la, ọ̀la," ó tún ń bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, Ó-Ti-Parí fúnra ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín ẹ̀ tí kò sì mọ ohun mìíì tó kù láti ṣe.

"Ohun tó o kọ nípa oníbàárà," Ẹ̀gbọ́n ní nígbà tó ráyè mí, "yọ gbogbo ẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Ohun tó o kọ nípa mi, fi sílẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ayé ló máa rí i."

"Kí gbogbo ayé rí i. Kí wọ́n mọ̀ pé mo ti sọ fún ẹ."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Wọ́n kọ fọ́ọ̀mù tuntun, orúkọ irínwó ó lé méjìlá wà níbẹ̀, kò dín ẹnì kan. Wọ́n kọ̀wé sáwọn dókítà mẹ́rìndínlógún, wọ́n tọrọ àforíjì, wọ́n sì fún wọn ní kóòdù tó tọ́ sí wọn. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ò ṣí i. Ọ̀kan kọ̀wé padà pé òun ti wò ó, kò sí eyín kankan nínú ẹ̀.

Ilé ìwòsàn ló wá ya Ẹ̀gbọ́n lẹ́nu. Ó rò pé wọ́n á lé òun ni. Ọ̀gá ibẹ̀ ní ohun tó ń ba òun lẹ́rù látìbẹ̀rẹ̀ ni pé àwọn ọmọ ìyá méjì péré ló ni nǹkan yìí: bí wọ́n bá jà lọ́la, ta ló máa ṣílẹ̀kùn fún ẹ̀ka mọ́kànlá? Nígbà tó ti wà ní ṣíṣí, ọkàn òun balẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ gbé fún wọn ò yí padà: kí wọ́n wá gbé e kalẹ̀, kí wọ́n kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì bí wọ́n á ṣe lò ó, kí wọ́n sì yára dé bó bá bàjẹ́. Wọ́n buwọ́ lùwé láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀.

Àwọn tó wà ládùúgbò kejì mú kóòdù náà lóòótọ́, bí Ó-Ti-Parí ṣe bẹ̀rù. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, wọ́n rí àléébù kan níbẹ̀, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì dá àtúnṣe náà padà, torí pé ìwé àṣẹ de àwọn náà. Ó-Ti-Parí ka àtúnṣe yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Inú ẹ̀ ò dùn sí bó ṣe dáa tó. Màmá Rélùwéè ní tiẹ̀ ti kọ lẹ́tà ránṣẹ́ lọ́jọ́ kẹrin tí wọ́n ṣí i. Àléébù mẹ́tàdínlógún ló kà sílẹ̀, ó kọ wákàtí tó rí ọ̀kọ̀ọ̀kan sí i. Ó fi ọ̀rọ̀ kan sísàlẹ̀: "Mo rí ohun tó o kọ nípa ìparí ọdún. Ẹ̀gbọ́n rẹ ló jàre. Máa gbọ́ tiẹ̀." Ẹ̀gbọ́n tẹ lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó lẹ ọ̀kan mọ́ ògiri, ó fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí ìyá wọn.

Òfin tuntun kan sì dé inú yàrá méjèèjì yẹn. Kò sí ohun ọ̀fẹ́ tó tún gbọ́dọ̀ wọlé bí wọn ò bá tíì ka ìwé àṣẹ ẹ̀ sókè, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, lórí ìdúró. Ó-Ti-Parí ló ń kà á, kó má baà wò ó lásán. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ń kà á lọ geere nígbà tí obìnrin aránṣọ kan, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá tó kọjú sí tiwọn, ti orí bọ ẹnu ọ̀nà. Ó gbọ́ ohùn tó ń lọ sókè sódò, ó rí àwọn méjèèjì lórí ìdúró, ó bá rọra wọlé, ó di ojú.

"Ẹni tó gbà á lọ́fẹ̀ẹ́, kó fún ẹlòmíì lọ́fẹ̀ẹ́," Ó-Ti-Parí kà.

"Àmín," aránṣọ ní.

Ó-Ti-Parí wo Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n ṣẹ́jú sí i pé kó máa bá a lọ.

"Kò sí ìdánilójú kankan lórí iṣẹ́ yìí. Bí gbogbo ẹ̀ bá bàjẹ́, ẹrù ẹni tó ń lò ó ni."

"Ọlọ́run ò ní jẹ́," aránṣọ dáhùn tọkàntọkàn, ó sì pa ilẹ̀kùn dé kí ariwo ìta má baà da ìsìn rú.